Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọgbọ́n wo ni Gúúsù Kòríà fi dín ìdọ̀tí rẹ̀ kù?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Seoul, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà, sọ fún wa lórí fóònù pé ẹ̀rọ máa ń wọn àjẹkù tí òun bá fẹ́ dà nù, àti pé bí ó bá ṣe wúwo tó ni òun yóò ṣe sanwó tó. Àwa tó wà nílé rò pé ó ń fi wá ṣeré ni. Ṣé òótọ́ ni? Kí sì ni èrè rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè? *Ìyá oníṣòwò kan, Ìbàdàn.*

Ìdáhùn: Ìyá wa, òótọ́ pọ́ńbélé ni ọmọ yín sọ. Nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé gogoro tí àwọn ará Seoul ń gbé, àpótí ìdọ̀tí kan wà tó ní ẹ̀rọ lára. Ẹni tó fẹ́ da àjẹkù nù yóò fi káàdì rẹ̀ kan ojú ẹ̀rọ náà, ìdérí yóò ṣí, yóò da ohun tó mú wá sínú rẹ̀, ìdérí yóò padé, ìwọ̀n ohun tó dà yóò sì hàn. Bí oṣù bá parí, wọn yóò ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún un. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, àpò pàtàkì tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe fún àjẹkù ni wọ́n ń rà, owó ìkódọ̀tí sì ti wà nínú iye tí wọ́n ra àpò náà. Owó ọ̀hún kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ènìyàn sẹ́ omi ọbẹ̀ kúrò lára àjẹkù kó tó gbé e sọ̀kalẹ̀, nítorí pé omi ló máa ń wúwo jù nínú rẹ̀.

Wọn kò ṣàdédé dé ibẹ̀. Láti ọdún 1978 títí di 1993, Nanjido, ilẹ̀ kan létí odò Han tó jẹ́ erékùṣù tẹ́lẹ̀, ni Seoul ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sí. Wọn kò ya ìdọ̀tí ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé-iṣẹ́ tàbí àwókù ilé. Wọ́n ń dà wọ́n lé ara wọn ni, títí òkè méjì fi dìde níbẹ̀ tí gíga wọn lé ní mítà 90. Àwọn tálákà tó ń ṣa ohun tó ṣeé tà kọ́ ahéré síbẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ ọmọ wọn nínú èéfín àti òórùn. Nígbà tí ibẹ̀ kún, ó hàn sí ìjọba pé ilẹ̀ tó ṣẹ́kù ní orílẹ̀-èdè kékeré tí òkè gba ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ kò lè gba ààtàn mìíràn lẹ́yìn òmíràn títí láé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1995, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Kí òfin yìí tó dé, bí ilé ṣe rí ni wọ́n fi ń bu owó ìdọ̀tí lé onílé. Ẹni tó da agbọ̀n kan àti ẹni tó da agbọ̀n mẹ́wàá, iye kan náà ni wọ́n ń san bí ilé wọn bá dọ́gba, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi ronú lórí ohun tó ń jù nù. Òfin náà ní kí oníkálukú máa ra àpò ìdọ̀tí lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Bí àpò bá ṣe tóbi tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ya bébà, ìgò, agolo àti ike sọ́tọ̀ kò ní san kọ́bọ̀ lórí wọn. Ní tèmi, gbólóhùn kejì yìí ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà ró, nítorí pé ó fún ìyàwó ilé tí kò mọ nǹkan kan nípa ìmọ̀ àyíká ní ìdí tó dájú láti ṣa ìdọ̀tí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọjú sí àjẹkù. Àjẹkù ló ń bà, òun ló ń rùn, òun ló ń mú gáàsì mẹ́tènì àti omi olóró jáde nínú ààtàn, òun náà ló sì ń ba bébà tó wà nínú àpò kan náà jẹ́ tí kò fi ní ṣeé lò mọ́. Ní 2005, wọ́n fòfin de ríri àjẹkù mọ́lẹ̀ ní ààtàn. Ní 2013, sísan owó gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àjẹkù di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1995, nǹkan bí ìdá 2 péré nínú 100 àjẹkù wọn ló ń di ohun àmúlò. Lónìí, ó lé ní 90 nínú 100, wọ́n sì ń fi í ṣe oúnjẹ ẹran, ajílẹ̀ àti gáàsì ìdáná. Kì í ṣe pé kò sí ìṣòro: iyọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ kan kì í fẹ́ gba ajílẹ̀ rẹ̀. Ní ti Nanjido, wọ́n bo àwọn òkè méjèèjì, wọ́n gbin koríko sórí wọn, ibẹ̀ sì di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2002.

Ìbéèrè: Bí ìjọba Èkó bá ní kí a máa sanwó gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀tí wa ṣe pọ̀ tó, ṣé kì í ṣe inú gọ́tà ni gbogbo rẹ̀ yóò bá ara rẹ̀ lóru? Àwa náà kúkú ní àwọn tó ń ra ike àti irin àlòkù kiri àdúgbò. Kí ló kù? *Olùkọ́ kan, Ìkòròdú.*

Ìdáhùn: Irú ìbẹ̀rù yẹn wà ní Kòríà náà, àwọn kan sì ń da ìdọ̀tí sí ibi tí kò yẹ lóòótọ́. Ìjọba ń gba owó ìtanràn, ó sì ń fún ẹni tó bá táṣìírí wọn lẹ́bùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akódọ̀tí ń dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ní Èkó, irú ilé tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n fi ń ka owó PSP, ìyẹn àwọn akódọ̀tí aládàáni, bí ti Kòríà ṣáájú 1995. Bí ọkọ̀ bá lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yọjú, tí a sì ní kí ènìyàn máa ra àpò, gọ́tà náà ni ìdọ̀tí yóò bá lọ, ẹ̀bi rẹ̀ kò sì ní jẹ́ ti aráàlú nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọ́kọ́ máa dé déédéé.

Èrò mi ni pé ọjà ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilé. Ìdọ̀tí ọjà oúnjẹ bíi Máìlì 12, ewé, èèpo àti èso tó ti jẹrà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ojú kan náà ló sì wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá iléeṣẹ́ Pacesetter sílẹ̀ rí ní ọjà Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń sọ pàǹtí ọjà di ajílẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa.

Àwọn tó ń ra ike ń ṣe iṣẹ́ ńlá, ó sì yẹ kí a máa bọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí ike bá fi máa dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣà á ní ààtàn Olúsósùn ní Ọjọ́tà, ọbẹ̀ àti eérú ti kùn ún, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀. Bí a bá yà á sọ́tọ̀ nílé, ọwọ́ wọn ni èrè náà yóò bọ́ sí. Ṣùgbọ́n àtúnlò nìkan kò tó. Ní 2018, nígbà tí Ṣáínà kò gba àlòkù ike ilẹ̀ òkèèrè mọ́, àwọn tó ń kó ike ní Seoul kọ̀ láti kó ọ̀rá nílé àwọn ènìyàn ní oṣù Kẹrin, torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Ìdí nìyí tí mo fi gbóríyìn fún ìjọba Èkó tó kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé òun fòfin de ike funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń di oúnjẹ. Ó tún yẹ kí àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá àti omi inú ìgò máa dá owó sí kíkó àlòkù wọn, gẹ́gẹ́ bí Kòríà ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ láti 2003.

Ìbéèrè: Ìdílé mẹ́rin la jọ ń gbé ilé kan. Báwo la ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba? *Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Abẹ́òkúta.*

Ìdáhùn: Ẹ ra ike ìdọ̀tí méjì, ọ̀kan fún ohun tútù, ọ̀kan fún ohun gbígbẹ. Ẹ fọ ike àti agolo díẹ̀ kí ẹ tó jù wọ́n sínú ti gbígbẹ, kí ẹ sì tà wọ́n fún ẹni tó ń rà á. Èèpo iṣu àti ti ẹ̀gẹ́, ẹ sá a fún ewúrẹ́ bí ẹnì kan bá ń sìn ní tòsí. Ẹ da ohun tútù tó kù sínú kòtò ẹ̀yìnkùlé kí ó lè di ajílẹ̀, kí ẹ sì máa fi ewé gbígbẹ bò ó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dà sí i. Ẹ má ṣe da eegun, ẹran tàbí epo sí i, kí eku má baà sọ ibẹ̀ di ilé. Ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ó bá ń rùn, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀; ẹ fi ewé gbígbẹ kún un, kí ẹ sì yí i dáadáa kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀.