Èsì: Demir, orúkọ tí ń jẹ́ irin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ìdílé kan náà ni gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Demir. Rárá o. Irin ni Demir ń jẹ́ ní èdè Tọ́kì. Ẹ fi -ci kún un, ó di alágbẹ̀dẹ: Demirci. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, òun náà ló wà nínú orúkọ Timur, ajagun ìlú Samarkand ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà. Àmọ́ òfin ọdún 1934 ló sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ará Tọ́kì ní orúkọ ìdílé, ọ̀pọ̀ ilé tí kò bára tan sì mú Demir. Èyí wú mi lórí gan-an! Àdéhùn ọdún 1961, tó jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ Tọ́kì lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ló gbé orúkọ náà débẹ̀. Ní Kírgísístánì, orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ bá ti Tọ́kì tan, Temir ni wọ́n ń pè é. Àṣà Rọ́ṣíà, tó ń fi -ov parí orúkọ ìdílé, ló sọ ọ́ di Temirov.