Etí Awayanrìn, Ọwọ́ Aláta: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ara

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí, láti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn forí lé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú awọ, etí, imú àti ojú tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára ló ń gbé ìròyìn wọn lọ, ọpọlọ ló sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí lè bàjẹ́ kí méjì yòókù wà pérépéré, ìdí nìyẹn tí ibi tó ń dunni kì í fi í fìgbà gbogbo jẹ́ ibi tí ọ̀ràn wà.

Mo ń mòòkùn wa yanrìn ní Májídùn. Bí mo bá ti ń sọ̀kalẹ̀ ni etí ọ̀tún máa ń dùn mí gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀fìnkìn ń ṣe mí, mo sì wọ omi bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ró "pá" nínú etí náà, òòyì kọ́ mi, n kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Ọ̀gá mi ní kí n máa ro àdín sí i. Ṣé kí n máa bá iṣẹ́ lọ? (A. K., Ìkòròdú)

Ẹ má tíì padà sínú omi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ awọ ìlù etí yín ló ya. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló lè fi iná wò ó kó sì sọ ọ́ dájú.

Etí pín sí mẹ́ta. Ti òde parí síbi awọ ìlù. Lẹ́yìn awọ yìí ni yàrá kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ kún, níbi tí eegun mẹ́ta tó kéré jù lọ lára ènìyàn ti ń gbé ìró lọ sí etí inú lọ́hùn-ún. Yàrá náà kò ní ọ̀nà àbájáde kankan àfi ihò tóóró kan tó yọ sí ẹ̀yìn imú. Pípadé ni ihò yìí máa ń wà, ìgbà tí a bá gbé itọ́ mì tàbí tí a bá yán ló máa ń ṣí.

Bí ènìyàn bá rì tó mítà 10, agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ ti di ìlọ́po méjì ti orí omi. Ọ̀sà kò jìn tó bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ ti ń wa yanrìn, ohun tó sì ń tan ọ̀pọ̀ awayanrìn jẹ nìyẹn. Ní mítà 3 péré, afẹ́fẹ́ inú yàrá etí á fẹ́ sún kì débi pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àyè rẹ̀ á ṣófo. Bí afẹ́fẹ́ mìíràn kò bá gba ẹ̀yìn imú wọlé láti dí i, awọ ìlù ni yóò máa tẹ̀ wọnú. Ìrora yín nìyẹn. Bí ẹ bá jáfara, ní nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀, ẹnu ihò náà lè ti lẹ̀ pọ̀ pátápátá. Ọ̀fìnkìn tún máa ń mú kó wú ṣáájú.

Òòyì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí omi. Ihò mẹ́ta tó tẹ̀ kọrọdọ wà nínú etí lọ́hùn-ún, omi ara ló kún inú wọn. Bí orí bá yí, omi yìí á ti irun wẹ́wẹ́ tó wà lórí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, ọpọlọ á sì mọ ìhà tí orí kọjú sí. Nígbà tí awọ ya, omi ọ̀sà tó tutù ju ara lọ ya wọlé, ó mú ihò tó sún mọ́ ọn tutù, omi inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bẹ́ẹ̀ ni orí yín kò mì. Etí ọ̀tún ń sọ pé ẹ ń yí, etí òsì ní ẹ dúró. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, kó di ọ̀pá tàbí okùn mú, kó máa fi ọwọ́ lé ọwọ́ gùn ún sókè. Bí kò bá sí èyí tó lè dì mú, kó tú èémí díẹ̀ jáde: ibi tí ìhó bá ń gbà lọ ni òkè.

Àdín ńkọ́? Bí awọ bá ti ya, àárín etí ni àdín ń lọ tààrà, ìdọ̀tí á sì bá a wọlé. Ẹ má ro ohunkóhun sí i. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀, ẹ fi òwú tí ẹ ti ra ní faselíìnì dí ihò etí. Awọ tó ya sábà máa ń dì fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù méjì. Ṣùgbọ́n bí òòyì kò bá lọ, tàbí tí etí ń hó tí ẹ kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ dé ọsibítù.

Nígbà tí dókítà bá ní ẹ lè padà, ẹ fi ìka méjì fún imú pọ̀, ẹ pa ẹnu dé, ẹ fẹ́ èémí jẹ́jẹ́ sínú imú títí etí yóò fi dún "tẹ̀". Ẹ ṣe é kí ẹ tó rì, kí ẹ sì máa tún un ṣe ní gbogbo ìdajì mítà, kí ìrora tó dé. Bí kò bá ṣí, ẹ gòkè díẹ̀ kí ẹ tún gbìyànjú. Ẹ má fi agbára fẹ́ ẹ, torí ó lè ya nǹkan nínú etí inú, igbọ́ràn tó bá sì ti ibẹ̀ lọ ṣòro láti rí gbà padà. Ẹ má sì fi rọ́bà tàbí òwú dí etí lábẹ́ omi: omi á kàn tì í wọlé síbi awọ ni. Ọjọ́ ọ̀fìnkìn, ẹ jókòó sílé.

Mò ń lọ ata ní ọjà Àgbálàtà. Ata rodo máa ń jó mi lọ́wọ́ títí di òru, bí mo bá sì fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ló máa ń le jù. Kí ló dé tí omi kò fi pa á? (Ìyá Aláta, Àgbádárìgì)

Nítorí pé òróró ló ń gbé oró ata, omi kì í gbé e. Capsaicin ni wọ́n ń pe oró náà. Ata títa kì í sì í ṣe adùn ẹnu bí iyọ̀, dídùn, kíkan, kíkorò tàbí adùn irú àti ẹran. Ìrora ni, ẹnu-ọ̀nà tó sì ń gbà wọlé wà lára awọ ọwọ́ náà. Ẹnu-ọ̀nà yìí wà lára iṣan tó ń ṣọ́ ooru, ó máa ń ṣí bí nǹkan bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Capsaicin máa ń ṣí i láìsí iná, á sì tún sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́, tí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán á fi dà bí omi híhó. David Julius ló fi capsaicin wá ẹnu-ọ̀nà yìí rí ní 1997, òun àti Ardem Patapoutian sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ìmọ̀ ìṣègùn ní 2021. Ti àwọn ẹyẹ kì í gbọ́ ti capsaicin rárá. Ẹ ò rí bí adìẹ ṣe ń ṣa ata jẹ tí ojú rẹ̀ kò yí padà.

Kí omi tó kan ọwọ́, ẹ da òróró tó ṣíbí kan sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ra ọwọ́ méjèèjì dé abẹ́ èékánná fún bíi ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wá fi ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ àti omi tútù ṣan án kúrò. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ ẹnu ló ń ta, wàrà dára ju omi lọ. Bó bá bọ́ sójú, ẹ má fi òróró kàn án: omi mímọ́ tó tutù ni, fún ìṣẹ́jú 15.

Ẹja ni mò ń yan ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ mi ní òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára mi, èmi kò sì gbọ́ ọ. Ṣé imú mi ti kú ni? (Ìyá Ṣadé)

Rárá o. Bí òórùn kan bá dúró pẹ́, imú àti ọpọlọ á ti pa á tì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ èyí tó jẹ́ tuntun. Ẹ fi èèpo ọsàn tàbí kọfí dán imú wò, ihò kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má lo Robb: iṣan ìmọ̀lára mìíràn, tí kì í ṣe ti òórùn, ló ń gbọ́ títa rẹ̀, ẹni tí imú rẹ̀ ti kú pátápátá á ṣì mọ̀ ọ́n. Ohun tó kàn wá jù níbi ọ̀rọ̀ yìí ni gáàsì ìdáná. Bí ẹ bá ti pẹ́ nínú ilé ìdáná, ẹ lè má gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Ìhó ọṣẹ ni kí ẹ fi sí ojú ìsopọ̀ rọ́bà, ibi tó bá ti ń hó ni gáàsì ti ń jò.

Báwo ni mo ṣe lè fi bí ètò ara ṣe so kọ́ra han ọmọ ilé ìwé láìsí ẹ̀rọ? (Olùkọ́ kan, Ẹ̀pẹ́)

Ojú ló rọrùn jù. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ pọ̀ di awọ ẹ̀yìn ẹyinjú. Awọ yìí àti àwọn yòókù para pọ̀ di ẹyinjú. Ẹyinjú, iṣan rẹ̀ àti apá ẹ̀yìn ọpọlọ di ètò ìríran. Ẹni tí nǹkan bá gbá gidigidi ní ìpàkọ́ lè fọ́jú kí ẹyinjú rẹ̀ máa dán.

Ẹ ya àgbélébùú kékeré sí apá òsì ìwé funfun, kí ẹ kun àmì dúdú róbótó tó fẹ̀ tó mìlímítà 5 sí apá ọ̀tún, sẹ̀ǹtímítà 8 síra wọn. Kí ọmọ bo ojú òsì, kó tẹjú mọ́ àgbélébùú, kó máa fa ìwé bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, àmì dúdú náà á pòórá. Ibẹ̀ ni nǹkan bíi mílíọ̀nù kan okùn ìmọ̀lára ti ń jáde kúrò nínú ẹyinjú, kò sí sẹ́ẹ̀lì ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀. Ọmọ tó bá ní òun ṣì ń rí i, ojú rẹ̀ ló ń sá lọ sí ọ̀tún.

Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ. Ìṣó gún sálúbàtà rẹ̀ wọ ẹsẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ló fi mọ̀. Kò dùn ún rárá. (T. O., Ìkòròdú)

Kí ẹ gbé bàbá lọ sọ́sibítù lónìí, ẹ má sọ pé kò kúkú dùn wọ́n. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, àwọn tó gùn jù ló sì ń kọ́kọ́ kú. Èyí tó ti ìbàdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ gùn tó mítà kan.

Ẹ lè dán ẹsẹ̀ wọn wò nílé lẹ́yìn èyí. Kí bàbá di ojú, kí ẹ fi orí ìka yín kan àtàǹpàkò, ìka àárín àti ìka tó kéré jù ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má rìn wọ́n, ẹ má kan ìka kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọn kò bá mọ méjì nínú mẹ́fà, iṣan ti ń lọ nìyẹn. Láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹnì kan máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lálaalẹ́, kí ẹ máa gbọn bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, kí ó sì jẹ́ ìgúnpá ẹlòmíràn ni yóò máa dán omi ìwẹ̀ wò. Ẹ má fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ wọn, ẹ má sì fi abẹ gé ibi tó le.

Ní ọsibítù, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé inú rọ́bà ni ìṣó náà gbà wọlé. Kòkòrò kan wà tó máa ń sá pa mọ́ sínú rọ́bà tútù tó lè bá ìṣó wọ eegun, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti egbò lásán.