Ìbéèrè Yín: hard drive kan fún Windows, Mac àti Linux

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Hard drive 2 TB tí mo ń lò lórí Windows ń ṣí lórí Mac, mo sì ń rí gbogbo fáìlì inú rẹ̀, àmọ́ kò gbà kí n kó nǹkan kan sí i. Kọ̀ǹpútà Linux náà wà nílé. Ṣé ó ti ń bàjẹ́ ni, àbí kí n ra mẹ́ta?

ÌDÁHÙN: Kò bàjẹ́, ẹ má sì ra òmíràn. NTFS, tí í ṣe fọ́máàtì Windows (ọ̀nà tó ń gbà to fáìlì sórí hard drive), ló wà lórí rẹ̀. Mac máa ń ka NTFS, kì í kọ nǹkan sí i. Bí ẹ bá sì sá lọ bá APFS ti Mac, Windows ni yóò kọ̀: yóò ní àfi kí òun fọ́máàtì rẹ̀ kó tó ṣeé lò, bẹ́ẹ̀ ẹrù yín ṣì wà níbẹ̀ láìfarapa. Ẹni tó bá kánjú gbà fún un ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹrù rẹ̀ rẹ́. Ext4 ti Linux kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú àwọn méjèèjì.

exFAT ni kí ẹ lò. Windows àti Mac ń kà á, wọ́n sì ń kọ sí i láìsí sọ́fítíwíà àfikún. Linux náà ti ní in nínú kernel (ọkàn ètò Linux) láti ẹ̀dà 5.4 ní 2019. Èyí tó múná dóko jù ú lọ sì rọ́pò rẹ̀ ní ẹ̀dà 5.7, ní 2020.

Fọ́máàtì máa ń pa gbogbo ohun tó wà nínú hard drive rẹ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù yín sí ibòmíràn, kí ẹ sì ṣí mélòó kan wò níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Lórí Mac, ẹ ṣí Disk Utility. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ohun tó ń hàn lápá òsì ni ìpín inú hard drive, kì í ṣe hard drive fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ View, kí ẹ mú Show All Devices. Hard drive yóò wá jáde lókè, ìpín rẹ̀ yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ti òkè yẹn ni kí ẹ mú kí ẹ tó tẹ Erase. Ẹ fún un lórúkọ tí kò ju lẹ́tà 11 lọ, ẹ mú ExFAT ní Format, kí ẹ sì mú GUID Partition Map (GPT) ní Scheme, ìyẹn irú àkọsílẹ̀ ìpín tí hard drive ń lò. Bí ẹ kò bá rí Scheme rárá, ìpín lẹ mú. Ẹ padà sókè.

Lórí Windows, bí ìpín kan ṣoṣo bá wà, ẹ tẹ ọ̀tún máòsì lé e nínú File Explorer, ẹ mú Format, ẹ mú exFAT, kí ẹ sì fi Quick Format sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ìpín bá pọ̀ lórí rẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ nù wọ́n kúrò pátápátá, ẹ ṣí diskpart, ètò Windows tí a ń tẹ àṣẹ sí, gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ sì tẹ ìlà wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

list disk
select disk 1
clean
convert gpt
create partition primary
format fs=exfat label=ERU quick
assign

Ẹ má da 1 yẹn kọ láti inú ìwé ìròyìn wa. Ìwọ̀n tí list disk bá fi hàn ni kí ẹ fi dá hard drive yín mọ̀: 2 TB máa ń jáde bíi 1863 GB. Àṣẹ clean, tó ń nu gbogbo rẹ̀, kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí ẹ kò ní ká lo FAT32? Ṣebí gbogbo nǹkan ló ń kà á.

ÌDÁHÙN: Lóòótọ́ ni. Àmọ́ fáìlì kan ṣoṣo kò lè tó 4 GB lórí rẹ̀. Fídíò gígùn kan ti kọjá ìyẹn, ẹ̀rọ yóò sì kọ̀ láti gbà á bí àyè tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Flash kékeré fún rédíò ọkọ̀ tàbí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ló yẹ ẹ́. Bí tẹlifíṣọ̀n kò bá sì gba exFAT, ẹ tún wo Scheme: púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò mọ GUID, Master Boot Record (MBR) ni wọ́n mọ̀. MBR kì í kọjá 2 TB lórí hard drive tó ń lo sector (ẹyọ àyè kékeré) 512 byte, nítorí náà ẹ má fi sí èyí tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Linux ni mo fi ṣe exFAT sórí hard drive tó jẹ́ ext4 tẹ́lẹ̀. Linux rí i, Mac àti Windows kò rí i. Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

ÌDÁHÙN: Bí ẹ bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá, ibì kan náà ni. Àṣẹ Linux náà, mkfs.exfat, ń kọ exFAT sínú ìpín, àmọ́ kì í fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ ìpín tó wà níbẹ̀rẹ̀ hard drive, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ti Linux ni ìpín yìí. Linux wo inú ìpín, ó rí exFAT. Windows ka àkọsílẹ̀, kò sì fún un ní lẹ́tà. Nínú Terminal, ẹ fi lsblk -f wá orúkọ rẹ̀, ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú umount, ẹ ṣí i pẹ̀lú sudo fdisk /dev/sdb (bó bá jẹ́ sdb ni), ẹ tẹ t, kí ẹ sì mú Microsoft basic data bó bá jẹ́ GPT, tàbí 7 bó bá jẹ́ MBR. Ẹ fi w pa á mọ́. Ìwọ̀nba ìlà yìí lẹ yí padà. Ẹrù inú rẹ̀ kò ní lọ.

ÌBÉÈRÈ: Wáyà yọ nígbà tí mo ń kó fídíò. Látìgbà náà, hard drive exFAT mi kì í hàn lórí Mac, iná rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú.

ÌDÁHÙN: Ẹ má yọ ọ́. Ẹ ṣí Activity Monitor, kí ẹ wá fsck_exfat. Bí ó bá wà níbẹ̀, Mac ń yẹ hard drive náà wò ni, kò sì ní fi í hàn títí yóò fi parí. Lórí èyí tó tóbi tó sì kún, ìyẹn lè pẹ́. Bí ẹ bá tún fà á yọ, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lórí Windows, chkdsk E: /f ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ẹ fi lẹ́tà tiyín rọ́pò E.

Ìdí rẹ̀ ni pé exFAT kò ní ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, èyí tí NTFS àti ext4 fi ń tètè mọ ibi tí iṣẹ́ ti já. Nítorí náà ẹ máa lo Eject, kódà bí ẹ̀rọ bá ti ní òun parí. Lórí Linux ní pàtàkì, ìlà tó ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn lè dé 100 nígbà tí apá kan ẹrù ṣì wà ní RAM, ìrántí kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ sync nínú Terminal, kí ẹ dúró kó dáhùn. Lójú tiwa, exFAT dára fún gbígbé ẹrù láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, kò dára fún ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ẹ ní.

ÌBÉÈRÈ: Fóldà tó jẹ́ nǹkan bíi 200 MB lórí kọ̀ǹpútà gba ju 12 GB lọ lórí exFAT. Kí ló ṣẹlẹ̀?

ÌDÁHÙN: Fáìlì kéékèèké ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí Windows bá fọ́máàtì exFAT tó ju 32 GB lọ, 128 KB ni ìwọ̀n àyè tó kéré jù tí fáìlì kan lè gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ 2 KB péré. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100 irú wọn yóò dé iye tí ẹ rí. Ẹ dì wọ́n sínú zip kan kí ẹ tó kó wọn, tàbí kí ẹ mú 32 kilobytes ní Allocation unit size nígbà tí ẹ bá ń fọ́máàtì.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi hard drive yìí kan náà ṣe Time Machine, ètò Mac tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe lórí exFAT. Ẹ pín in sí méjì nínú Disk Utility, APFS fún Time Machine, exFAT fún ìyókù. Bí ẹ bá so ó mọ́ Windows, tó sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun fọ́máàtì apá APFS, Cancel ni kí ẹ tẹ̀.