Èsì: iná mẹ́fà lórí ẹ̀tẹ́ńṣàn kan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé iná mẹ́fà oníwáàtì 240, fáànù méjì àti pọ́ǹpù kékeré lè jọ wà lórí ẹ̀tẹ́ńṣàn kan ní yàrá tí ẹ ti ń tọ́jú ọmọ ata ní Ìsánlú. Iná nìkan ti jẹ́ wáàtì 1,440. Ẹ fi 150 ti fáànù àti 370 ti pọ́ǹpù kún un, ó di 1,960. Ẹ fi fólìtì 230 pín in: bí áńpíà 8.5. Púlọ́ọ̀gì wa ń gba 13, ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Iná yín á máa jó láti àárọ̀ di òru, wáyà inú ọ̀pọ̀ ẹ̀tẹ́ńṣàn ọjà sì tín-ín-rín. Tèmi ní Kàbà, mo ká a jọ sábẹ́ tábìlì, ìyàwó mi tún ki áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,200 bọ̀ ọ́. Òórùn rọ́bà ló pè wá. Ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wáyà náà gbóná bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná. (Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ìyàwó.)

Ẹ jẹ́ kí oníná fa wáyà ọ̀tọ̀ fún yàrá náà, èyí tó nípọn tó 2.5 mm², láti ibi bíréékà wá, pẹ̀lú bíréékà áńpíà 16 tirẹ̀. Omi wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ fi bíréékà tó ń já bí iná bá ń jò (RCD), oní-mílíáńpíà 30, sí i. Ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì ga sára ògiri, kí wáyà rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ inú rẹ̀, kí omi lè kán sílẹ̀. Bí fólìtì iná bá sì rẹlẹ̀ gan-an, ẹ pa pọ́ǹpù.