Ẹ Bi Àgbà Mẹkáníìkì: Ṣé S inú Hilux lè ba gíà bọ́ọ̀sì jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Hilux ọ́tò onígíà mẹ́fà, tó ń yí gíà fúnra rẹ̀, ni mo fi ń kó iṣu láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ sí Iléṣà, ọmọ mi ló ń wà á. Tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, bíréèkì a máa rùn bíi nǹkan tó ń jó. Awakọ̀ kan ní kó máa fa gíà sí S, lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ D, kó sì máa tì í síbi àmì ìyọkúrò (−). Ọmọ mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní eré àsápajúdé ni S wà fún, pé ó máa fọ́ gíà bọ́ọ̀sì. Ta ni kí n gbà gbọ́?
Ìyá Oníṣu, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa. Awakọ̀ yẹn ló sọ òótọ́.

Bí gíà bá wà ní D, ibi tí a ń fi í sí láti wakọ̀ lójoojúmọ́, bí epo ò ṣe ní lọ púpọ̀ ló ń wá. Tí ọmọ wa bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ó lè bọ́ sí gíà karùn-ún tàbí ìkẹfà, ẹ́ńjìnì ò wá ní fi bẹ́ẹ̀ di ọkọ̀ mú mọ́. Orí bíréèkì ni gbogbo ìwúwo iṣu yẹn ń bọ̀, ó sì ń gbóná. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Ohun tí èmi bẹ̀rù jù ú lọ ni ọ́ìlì bíréèkì, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 3, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, tó bá jẹ́ tuntun kì í hó bí kò bá tó 205°C, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbomi sára lè hó ní nǹkan bí 140°C. Tó bá ti hó, pẹ́dà á kàn máa wọlẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró.

Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, lókè níbẹ̀, ni kó ti fa gíà sí S. Nọ́ńbà á hàn lójú dásíbọ́ọ̀dù. Kó tì í síbi ìyọkúrò títí yóò fi rí 4, tàbí 3 bí ẹrù bá pọ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe gíà tó wọ̀ bíi ti mánúwà o, ààlà ni: S4 ń sọ pé kó máa lo ìkíní dé ìkẹrin, kó má kọjá ibẹ̀. (M inú Ford Ranger yàtọ̀, gíà tí ẹ bá mú níbẹ̀ ló ń dì mú.) Ẹ́ńjìnì á ké, abẹ̀rẹ́ tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan lè gun 3,000. Kó má bẹ̀rù, bí kò bá ṣáà ti dé ibi pupa. Bí eré bá sì ti pọ̀ jù fún gíà tó fẹ́ mú, mọ́tò ò ní gbà fún un, yóò dún lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì dúró síbi tó wà.

Ooru ló ń pa gíà ọ́tò, kì í ṣe S. Bí ẹ bá ń gun òkè tẹrùtẹrù, tó ń bọ́ láti ìkẹrin sí ìkarùn-ún, tó tún ń padà ṣáá, ọ́ìlì gíà ló ń sè. S4 náà ló máa gbà yín níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ilẹ̀ títẹ́jú, kó dá a padà sí D, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ epo á máa lọ lásán.

Ẹ bi í ná, ṣé kì í fi ọkọ̀ sí fíríì lórí ìdagẹ̀rẹ̀ láti fi ṣọ́ epo lò? Ìwà burúkú tí àwọn dírẹ́bà wa fẹ́ràn nìyẹn. Bí gíà bá wọ̀ tí ọkọ̀ sì ń sọ̀, tí ẹsẹ̀ ò sí lórí tọ́rótù, ẹ́ńjìnì òde òní ń dá epo dúró ni. Ní fíríì gan-an ló ń jó o, kó má baà kú.

Iná bíréèkì kì í tàn tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì ló ń dín eré ọkọ̀ kù. Bí típà bá wà lẹ́yìn yín, kó máa fẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí tẹ̀yìn lè rí i.

Kí ọkọ̀ yẹn tó tún ru iṣu, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó wo páàdì iwájú àti ṣúù inú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, kó sì da ọ́ìlì bíréèkì àtijọ́ nù pátápátá, kó má kàn bu tuntun lé e.