Kí ni "Tutti" tí wọ́n ń ṣe ní Hungerford?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Hungerford ní Berkshire ni. Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, mo rí ọkùnrin méjì tí wọ́n wọ kóòtù onírù, tí wọ́n gbé ọ̀pá olódòdó tí ọsàn wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń fẹnu ko àwọn obìnrin. Wọ́n ní "Tutti" ni. Kí ló túmọ̀ sí? Ṣé ètùtù ni?

Ìdáhùn: Ètùtù kọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ni ọ̀rọ̀ náà. "Tutty" ni wọ́n máa ń pe ìdì òdòdó kékeré láyé àtijọ́. Òdòdó tí wọ́n dì mọ́ ọ̀pá yẹn ló sọ àwọn ọkùnrin náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró síbẹ̀, mi ò tíì dá yín lóhùn, torí òdòdó ò lè sọ ìdí tí wọ́n fi ń fẹnu kò yín.

Hocktide lorúkọ ọdún náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì lẹ́yìn Àjíǹde ni ọjọ́ rẹ̀ gan-an. Nígbà kan rí, káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é: àwọn obìnrin á fi okùn mú ọkùnrin, àwọn ọkùnrin náà á mú obìnrin, ẹni tí wọ́n bá mú á sanwó kó tó lọ, owó ọ̀hún á sì wọ àpò ṣọ́ọ̀ṣì. Àsìkò yẹn náà ni wọ́n ń san owó ilẹ̀ ìdajì ọdún, ìdajì kejì sì di oṣù Kẹsàn-án. Níbi tó jẹ́ pé eré nìkan ló kù nínú rẹ̀, ó ti pa rẹ́. Ti Hungerford ò parẹ́ torí ohun ìní wà nínú rẹ̀.

Ohun ìní wo? Odò àti pápá. Ìtàn ìlú sọ pé John of Gaunt, ọmọ Ọba Edward Kẹta, tó jẹ́ olówó ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ló fún àwọn ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti máa pẹja nínú odò Kennet, ó sì fún wọn ní ìwo kan láti fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n ṣe ìwo mìíràn ní 1634, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Gaunt ló fún ìlú ní ẹ̀tọ́ ẹja náà, láti Eldren Stub títí dé Irish Stile. Ẹ ò rí i? Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn ààlà, kó wá ka ara ìwo.

Ẹ̀tọ́ yìí kì í tẹ̀ lé èèyàn, ara ilé ló wà. Bí ọgọ́rùn-ún ilé ní àárín ìlú ló ní in, ẹni tó bá sì ra ilé náà ti ra ẹ̀tọ́ mọ́ ọn: láti da màlúù sí pápá gbogbogbò ìlú, àti láti pẹja. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnì kan á fun ìwo láti gbọ̀ngàn ìlú, akéde á lu agogo, wọ́n á sì pe gbogbo onílé ẹlẹ́tọ̀ọ́ wá sí ìpàdé tí wọ́n ń pè ní kóòtù Hocktide. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka orúkọ. Ẹni tí kò bá wá á san pẹ́nì kan kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ má baà bọ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yan Kọ́nsítébù tó jẹ́ olórí wọn, àwọn alábòójútó pápá, àwọn tí yóò máa ṣọ́ odò, títí kan àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti tọ́ bíà wò. (Iṣẹ́ tó wù mí nìyẹn.)

Àwọn ọkùnrin Tutti wá ń lọ yíká àwọn ilé wọ̀nyẹn láti gba pẹ́nì orí kọ̀ọ̀kan. Obìnrin lè fi ìfẹnukonu dípò pẹ́nì, á sì gba ọsàn kan. Bí ó bá sá sókè, wọ́n á gbé àkàbà ti fèrèsé. Lójú tèmi, ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ẹ mọ bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń gbé iṣu mélòó kan tọ onílẹ̀ lọ lọ́dọọdún. Kì í ṣe pé ebi ń pa onílẹ̀, wọ́n ń fi hàn pé àwọn ò gbàgbé ẹni tó ni ín ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ́nì yìí. Ìyàtọ̀ kan ni pé níbí, àwọn onílé fúnra wọn ló jọ ń bójú tó ilẹ̀, ara wọn ni wọ́n ń dá lóhùn.

Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ayẹyẹ náà pọ̀. Ilẹ̀ ẹfun ni odò Kennet ti ń sun: òjò á rin wọ inú ẹfun, á sẹ́, á wá sun jáde ní mímọ́ gaara, kò ní gbóná jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní tutù jù nígbà òtútù. Ìdí nìyẹn tí ẹja trout fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n koríko odò ń hù nínú rẹ̀ gan-an nígbà ìrúwé. Bí wọn ò bá gé e, omi á kún bo etí odò; bí wọ́n bá gé e jù, ẹja ò ní ríbi sá sí. Pápá náà ńkọ́? Àwọn màlúù ń rìn gba ojú títì kọjá, ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró dè wọ́n.

Bí wọ́n bá pè yín síbi oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ múra. "Ọmọ ẹṣin" ni wọ́n ń pe àlejò tuntun. Alágbẹ̀dẹ á gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, á máa kan ìṣó mọ́ bàtà rẹ̀, títí tí yóò fi ké pé "Punch!" (orúkọ ọtí kan), tí yóò sì sanwó ọtí.

Ní ti ilé yín, ẹ wo ìwé rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá sí lára àwọn ilé ẹlẹ́tọ̀ọ́, kò sẹ́ni tí yóò gbé àkàbà wá bá yín.