Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi ọmọ mi kọ́ṣẹ́ ní Walter Reed?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe sójà ní Amẹ́ríkà. Àdó abúgbàù ṣe é léṣe, wọ́n sì ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ kí wọ́n tó gbé e wá sí ilé ìwòsàn ológun Walter Reed ní Maryland. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ó ti wọ tíátà lẹ́ẹ̀mẹrin, síbẹ̀ wọn ò tíì rán egbò náà. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ dókítà bíi mẹ́fà ló máa ń rọ̀gbà yí bẹ́ẹ̀dì òun ká láràárọ̀. Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi ọmọ mi kọ́ṣẹ́ ni? Ṣé kí n ní kó kúrò níbẹ̀? (Ìyá sójà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má ṣe ní kó kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti orí tíátà bẹ̀rẹ̀, torí ó jọ pé òun ló ń já yín láyà jù.

Egbò àdó kò dà bí egbò ọ̀bẹ. Nígbà tí àdó bá bú, ó máa ń ti iyẹ̀pẹ̀, àkísà aṣọ àti àfọ́kù irin wọ àárín iṣan lọ sókè, ní ibi tí ojú kò lè rí. Iṣan tó pupa dáadáa lọ́jọ́ kìíní sì lè kú lọ́jọ́ kẹta. Bí wọ́n bá sáré rán an, ìdọ̀tí ni wọ́n dé mọ́nú. Egbò náà á kẹ̀, wọ́n á tún gé ẹsẹ̀ sókè sí i, orúnkún tí wọ́n ti gbà là á sì bá a lọ. Orúnkún yìí kì í ṣe ohun kékeré, torí ẹni tó bá ní i máa ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn pẹ̀lú agbára tó kéré gan-an sí ti ẹni tí wọ́n gé lókè rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á fi omi púpọ̀ fọ egbò náà, wọ́n á gé ẹran tó ti kú kúrò, wọ́n á fi fóòmù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi egbò bò ó, wọ́n á sì padà sí i lẹ́yìn wákàtí 48 sí 72. Bí gbogbo ẹran tó kù bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, tí iṣan sì ń ta pọ́ún, ìgbà náà ni wọ́n á rán an. Ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ mẹ́wàá kò burú rárá, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ dókítà, ẹ rántí UCH tó wà nítòsí yín. Àtẹ̀gùn kan náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò sì lè pàṣẹ oògùn kankan fúnra rẹ̀. Lókè rẹ̀ ni ẹni tí àwa ń pè ní háúsì ọ́físà wà, ìyẹn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn dókítà tó ti gboyè tó ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe, tó máa lo ọdún márùn-ún kó tó parí bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ egungun ló ń kọ́. Kọ́ńsọ́tàǹtì, ìyẹn ọ̀gá dókítà, ló wà lókè gbogbo wọn, òun ló sì máa dáhùn fún ohun tí wọ́n bá ṣe. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ọmọ yín. Kí ọmọ yín bèèrè rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ òun wò, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má lé rẹ́sídẹ́ǹtì o. Rẹ́sídẹ́ǹtì ló máa ń jí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóru bí ibà bá gbà á.

Ìdí tí àwọn ológun fi ń kọ́ni níbẹ̀ kò fara sin. Dókítà ọ̀dọ́ tó ń wo egbò ọmọ yín lónìí lè bá ara rẹ̀ nínú àgọ́ nítòsí ojú ogun lọ́la. Bí kò bá rí bí irú egbò bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí, kò ní mọ bó ṣe yẹ kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣègùn fún àwọn ológun sílẹ̀ ní 1972, inú ọgbà kan náà ló sì wà pẹ̀lú ilé ìwòsàn yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ibẹ̀ kì í san owó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń gba owó oṣù bí ọ́físà, wọ́n á sì fi ó kéré tán ọdún 7 sin ìjọba lẹ́yìn náà. Nígbà tí kò sí ogun, àwọn ẹbí sójà àtàwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn náà ń tọ́jú, torí oníṣẹ́ abẹ tí kì í rí aláìsàn, iṣẹ́ á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1909 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà ní Washington, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì 80, Ogun Àgbáyé Kìíní sì sọ ọ́ di 2,500. Walter Reed tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é ni dókítà ológun tó ṣáájú àwọn tó fi hàn ní Cuba, ní 1900, pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú (yellow fever) kiri, ibà tí àwọn arìnrìn àjò máa ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ní 2011 wọ́n ti ọgbà àtijọ́ náà, wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn àwọn ológun ojú omi ní Bethesda, níbi tí ọmọ yín wà báyìí. Ohun mìíràn tó yí padà ni bí aláìsàn ṣe ń yára dé. Nígbà ogun Vietnam, ó máa ń tó ọjọ́ 45 láti ojú ogun dé Amẹ́ríkà. Nígbà ogun Iraq, kò ju nǹkan bí ọjọ́ 4 lọ.

Ibi tó yẹ kí ẹ̀rù bà yín sí, Màmá, ni ìgbà tó bá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní 2007, gbogbo ayé gbọ́ pé àwọn sójà tí wọ́n ti tọ́jú dáadáa nínú wọ́ọ̀dù ń gbé nínú ilé tí ògiri rẹ̀ ti hu èbu ní ọgbà àtijọ́ náà, pé ìwé wọn ń sọnù, pé wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Mínísítà tó ń bójú tó iṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ fipò sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣètò pé kí ẹni mẹ́ta máa bójú tó sójà kọ̀ọ̀kan: dókítà kan, nọ́ọ̀sì kan tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀, àti ọ̀gá sójà kan. Kí ọmọ yín má kúrò ní wọ́ọ̀dù láìmọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì ní ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

Kó tètè sọ bí àyà bá ń dùn ún lójijì tàbí tí èémí bá kúrú. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ní ẹsẹ̀ lè rìn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún un lábẹ́rẹ́ níkùn. Kó má kọ̀ ọ́. Bí ìrora bá ń ta á ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́, kì í ṣe wèrè, kì í sì ṣe iṣẹ́ ayé. Iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ ló ń fa á, ó sì ní oògùn. Bó bá di oṣù mélòó kan tí ohun líle bá ń yọ nínú kùkùté ẹsẹ̀ náà, tí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sì ń gún un, egungun ló ń hù níbi tí kò yẹ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ju ìdajì àwọn tí àdó gé lẹ́sẹ̀ lọ. Wọ́n lè gé e kúrò.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ síbẹ̀, ilé àlejò kan wà nínú ọgbà tí wọ́n ń pè ní Fisher House, ẹbí aláìsàn kì í sanwó níbẹ̀. Kí ilé ìwòsàn kọ lẹ́tà fún yín tí ẹ máa mú lọ gba físà, kí wọ́n sì ti fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí ẹnu géètì kí ẹ tó dé, torí bárékè ni, wọn kì í jẹ́ kí àjèjì kàn wọlé. Ní báyìí ná, ẹ ní kí ọmọ yín fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n lè bá yín sọ̀rọ̀ nípa àìsàn òun. Àgbàlagbà ni lójú òfin Amẹ́ríkà. Láìsí ìwé yẹn, bí ẹ bá pè wọ́n nígbà ogún, wọn ò ní sọ nǹkan kan fún yín.